Ihò Tí Mo Fi Sórí Ògiri ní Ìlú Yìnyín

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìlú kan wà tí ojú ọjọ́ ti máa ń há ènìyàn mọ́lé ni Bàbá Mòrúfù, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà ní Ìkọ̀tún. Kó tó di pé ó mú ayùn, ó ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun. Tó bá jẹun ọ̀sán tán, tó fẹ̀yìn ti òkìtì pákó, á ní, "Músílíù, mo dé ìlú kan tí ọ̀run ti máa ń gbọn òwú sílẹ̀. Wọ́n á sùn, wọ́n á jí, òwú á ti ga dé ojú fèrèsé. Kò sógun níta, ọba kò sì fòfin dè wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè jáde."

Èmi á bi í pé, "Bàbá, kí wá ni wọ́n ń ṣe nínú ilé láti àárọ̀ títí dalẹ́?"

Á ní, "Wọ́n ń tún ilé ṣe ni. Ilé wọn ló di oko wọn nígbà náà."

Àwa ọmọ iṣẹ́ á máa rẹ́rìn-ín sínú. N kò gbà á gbọ́. Mo rò pé ó ń fi ìtàn gbé oúnjẹ rẹ̀ dà ni. Bàbá Mòrúfù ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi náà ti dé irú ìlú bẹ́ẹ̀ báyìí, mo sì ti padà sí Ìgàndò. Ohun tí ojú mi rí lọ́hùn-ún ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má ṣá kán mi lójú.

Kásẹ́ẹ̀tì

Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, igbó pọ̀ ju ilé lọ ní Ìgàndò. Ẹni tó bá fẹ́ lo tẹlifóònù, ó di Ìkẹjà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ará lókè òkun, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Báyìí ni kásẹ́ẹ̀tì àbúrò mi, Táófíìkì, ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọmọ ìyá mi ni, ó sì ti lo ọdún mẹ́jọ ní Kánádà. Mo yá rédíò alájọgbé mi, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ìyàwó rẹ̀, Sìkírátù, ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ o, bí ẹ ò tiẹ̀ rí mi. Ẹ mọ̀ pé ọmọ kan ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Òtútù ló wọ̀ ọ́ láyà. Àlejò míì ti ń bọ̀ báyìí, ó ti pé oṣù mẹ́fà. Mo sì ti sọ fún àbúrò yín pé n kò ní gbé àlejò yìí wọ yàrá tí à ń sùn. Atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí yàrá tó gbóná fún un, tí mo bá ti sọ̀ tán, Ìwó ni mò ń gbé e lọ, sọ́dọ̀ ìyá mi. N kò sì mọ ìgbà tí mo máa padà."

Táófíìkì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ ti gbọ́. Àwọn káfíńtà ibí ní ó di ìgbà ooru kí àwọn tó ráyè. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ẹ wá bá mi kọ́ ọ, kí ilé mi má bàa tú."

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé wọn kò pè é ní yàrá ọmọ. Ọmọ tí kò tíì délé, a kì í tẹ́ ẹní dè é ní gbangba. Àlejò ni wọ́n ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe rí físà àti bí mo ṣe wọ bàálù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo balẹ̀

Jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà tí mo wọ̀ lọ, Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ti rà á. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó gbóná. Kò purọ́. Ó gbóná gan-an, ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Nígbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfuurufú, tí mo mí èémí àkọ́kọ́, èéfín yọ lẹ́nu mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo rò pé nǹkan ń jó nínú mi. Táófíìkì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ máa mí jàre. Gbogbo wa là ń rú èéfín níbí."

Ọ̀nà jìn dé ìlú kékeré tí ó ń gbé. Gbogbo igi tí a kọjá ló wà ní ìhòòhò. Mo kọ́kọ́ rò pé iná ọdẹ ló jó wọn, mo sì ń wò ó pé àwọn ọdẹ ibẹ̀ mà burú. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa polówó ọjà, kò sí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà. Mo bi Táófíìkì bóyá wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wà.

Ilé rẹ̀, pákó ni látòkè délẹ̀. Èmi káfíńtà, ìlú tí wọ́n ti ń fi pákó kọ́ odindi ilé ni mo dé. N kò tíì bọ́ bàtà tán tí mo ti ń fi ìka kan ògiri wò. Sìkírátù jáde pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ní, "Dìde, ìyàwó, dìde. Ohun tí o gbé dání tó ẹrù."

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ ti rù, ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ nínú bàálù ni?"

"Wọ́n fún mi. Ìwọ̀n èyí tí à ń fún ológbò ni."

Ààrò irin dúdú kan wà ní pálọ̀, wọ́n gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí. Mo bi Táófíìkì pé kí lèyí.

Ó ní, "Ààrò igi ni. Ẹni tó ta ilé fún wa ló fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ iná mànàmáná tó ń fẹ́ ooru láti abẹ́ ilẹ̀ là ń lò. Ṣé mo máa kúrò ní Ìgàndò kí n tún wá máa dáná igi ni?"

Ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ yẹn náà ni ibi tí wọ́n fẹ́ kí n gé sọ́tọ̀ fún àlejò. Èmi ni màá máa sùn ní pálọ̀. Táófíìkì ti ra pákó àti ìṣó, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọkùnrin tó ń kó yìnyín

Yìnyín tiwa níbí, òkúta ni. Á lu páànù, àwọn ọmọdé á sáré ṣà á, á yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tiwọn kì í pariwo. Á kàn máa bọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìyẹ́ adìẹ tí ẹnì kan jókòó lókè tó ń tu.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí bàbá arúgbó kan níwájú ilé wa, irun orí rẹ̀ funfun bí ohun tó ń kó. Ó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò kan ilẹ̀kùn.

"Táófíìkì, ta nìyẹn?"

"Gọ́dọ́nì ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wà nílé kejì."

"Bàbá tó tó bí ọ lọ́mọ ń gbálẹ̀ fún ọ, ìwọ ń mu tíì?"

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín. Bàbá náà ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sáré wá, ó kì mí lábẹ́ apá, ó gbé mi dìde. Ó rò pé mo yọ̀ ṣubú ni. Èmi rò pé ìkíni mi kò tó, mo tún lọ sílẹ̀. Ó tún gbé mi. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ké sí Táófíìkì pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ nílò bàtà gidi."

Táófíìkì ní, "Ó ń kí yín ni, sà. Bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn."

Bàbá Gọ́dọ́nì ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba fún mi, ó sì gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé bàtà aláwọ méjì wá síbẹ̀síbẹ̀. Àṣà wọn nìyẹn. Wọn kì í béèrè àlàáfíà ìyá rẹ àti ti àwọn ọmọ rẹ, ṣùgbọ́n wọ́n á wo ẹsẹ̀ rẹ.

Ó tún gbé ẹran ìgbẹ́ wá, ẹran kan tó jọ ẹtu ṣùgbọ́n tó tóbi tó màlúù. Mo ní kí Táófíìkì bi í pé ta ló pa á.

"Èmi ni."

"Kí lẹ fi pa á?"

"Ìbọn."

"Ta ló ṣe bísímílà sí i?"

Táófíìkì kò túmọ̀ ìyẹn. Ó kàn ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé ẹ̀sìn wa kò gbà wá láyè. Inú kò bí bàbá náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àpò pòtétò kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní pòtétò kò lẹ́sìn.

Ìhámọ́lé

Ọjọ́ karùn-ún tí mo débẹ̀ ni ọ̀run ṣí àpò rẹ̀ gan-an. Yìnyín rọ̀ lọ́sàn-án, ó rọ̀ lóru, ó tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Táófíìkì di òkìtì kan lásán, bí ibojì àgbà. Rédíò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀kalẹ̀ sójú títì. Táófíìkì kò lè lọ síbi iṣẹ́, ilé ìtajà kò ṣí. Nígbà náà ni mo rántí Bàbá Mòrúfù, ojú tì mí díẹ̀ nítorí ẹ̀rín tí mo fi í rín.

Ìrun ni mo fi ń mọ ọjọ́. Oòrùn ibẹ̀ ọ̀lẹ ni. Á yọ pẹ́, á wọ̀ kíá. Bí o bá kí Àlááṣárì tán tí o mu omi, Màgàríbì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ojúmọ́ tí a ní kò pọ̀, n kò sì fẹ́ fi ìkankan ṣòfò. Mo tú irinṣẹ́ mi sílẹ̀, mo ṣe bísímílà, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ wò ó, n kò gbádùn iṣẹ́ tó báyẹn rí láyé mi. Nílé níbí, bí mo bá ń fi rándà fá pákó, ẹnì kan á dé pé òun fẹ́ kí n bá òun wo ìjókòó, ẹlòmíràn á ní ṣé ilẹ̀kùn òun ti yá. Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó lè dé. Fèrèsé funfun, ilé móoru, pákó ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, òórùn rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kìíní, mo gbé òpó dúró. Lọ́jọ́ kejì, mo fi pákó bo ògiri. Àṣẹ́kù pákó ni mo fi ṣe pẹpẹ sí ilé ìdáná. Mo tún fún àga tó ń mì lẹ́sẹ̀, mo sì gé ọwọ́ ṣọ́bìrì tó kán, mo fá a, mo fi ṣe orógùn fún Sìkírátù. Ṣíbí onírin ló ti fi ń rokà láti ọdún mẹ́jọ.

Ó gba orógùn náà, ó yí i wò. "Bọ̀dá mi, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ ìrora èjìká. Àbúrò yín ní kò sí irú rẹ̀ ní ìlú yìí."

Mo ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ni kò sí ní ìlú yìí."

Táófíìkì ní, "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Lọ́jọ́ yẹn, Sìkírátù fi pòtétò Bàbá Gọ́dọ́nì gún iyán fún wa. Mo jẹ ẹ́. N kò ní sọ pé iyán ni, n kò sì ní sọ pé kì í ṣe iyán. Àlejò kì í dájọ́.

Ihò

Ọjọ́ kẹta, mo parí ògiri, mo gbé ilẹ̀kùn kọ́. Mo pè wọ́n wá wò ó. Inú mi ń dùn, mo ń retí kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Sìkírátù dúró, ó gbójú sókè. Táófíìkì náà gbójú sókè.

Táófíìkì ní, "Bọ̀dá, kí ló wà lókè yìí?"

Mo ní, "Níbo?"

"Òkè ògiri. Kò kan àjà."

Mo wò ó. Lóòótọ́, mo fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín ògiri àti àjà, láti ìgun kan dé èkejì, mo sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí i dáadáa. Ilẹ̀kùn náà, mo fi ìka mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ihò atẹ́gùn ni," mo ní.

"Atẹ́gùn wo, Bọ̀dá?"

"Atẹ́gùn tí ènìyàn ń mí."

Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Bọ̀dá, atẹ́gùn ló pa ọmọ mi."

Ẹ̀yin ará ilé, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ yàrá lábẹ́ páànù ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgàndò. Yàrá tí kò bá ní ihò atẹ́gùn lókè, àwọn ayálégbé á ní ṣé o fẹ́ yan àwọn bí àgbàdo ni. Ilẹ̀kùn tó bá kanlẹ̀, wọ́n á ní káfíńtà náà kò mọṣẹ́. N kò tiẹ̀ ronú sí i. Ọwọ́ mi ló ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó kàn gba ibẹ̀ lọ. Mo rìnrìn àjò láti wá kọ́ yàrá tó gbóná, mo wá kọ́ yàrá Ìgàndò sínú yìnyín.

Mo ní màá dí i. Pákó ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ti tán. Èyí tó yẹ kó kù, mo ti fi ṣe pẹpẹ. Mo tú pẹpẹ náà palẹ̀, kò tó ìdajì. Ọ̀nà sì ti dí, a kò lè ra òmíràn.

Sìkírátù kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́," ó wọ inú yàrá wọn lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún pé, "Ìwó ni. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Táófíìkì kó bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó nípọn jù nínú ilé, ó gun àga, ó fi wọ́n dí òkè ògiri pinpin. Ó ká rọ́ọ̀gì sí ìdí ilẹ̀kùn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, kò lè bá mi jà, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù.

Iná lọ

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni iná mànàmáná lọ ní gbogbo ìlú. Yìnyín ti wúwo lórí àwọn wáyà, ó ti fà wọ́n já. Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, torí àwa ni a mọ bí iná ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ dákẹ́, òtútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ògiri bọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, omi tó wà nínú ife ní yàrá wọn ti ní awọ lójú.

Mo gbé òdòdó kúrò lórí ààrò. Táófíìkì kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná sí i. Bàbá Gọ́dọ́nì la yìnyín já, ó fi okùn wọ́ igi gbígbẹ wá lórí pákó kan, ó bá wa fín in. Ó ní kí a máa fi igi sí i, pé ó lè di ọjọ́ mẹ́ta kí iná tó dé. Ó wo ikùn Sìkírátù, ó mi orí.

Ibo ni kí ìyàwó máa dùbúlẹ̀? Ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Yàrá tiwọn ti di yìnyín. Pálọ̀ tí ààrò wà, èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni mo wà níbẹ̀, kò lè máa na ẹsẹ̀ tó wú níwájú mi. Gbogbo ìgbà tí a bá sì ṣílẹ̀kùn láti gbé igi wọlé ni atẹ́gùn ń já wọ ibẹ̀ bí olè. Ó ku yàrá tí mo kọ́. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, ó wọlé, a ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn wákàtí kan, mo bi í láti ìta, "Ìyàwó, báwo ni?"

Ó ní, "A dúpẹ́, Bọ̀dá mi." Mo gbọ́ ìró eyín rẹ̀ tó ń lu ara wọn.

Ọkàn mi bàjẹ́. Iná ń jó ní pálọ̀, ògiri kan ló wà láàárín wọn, ooru kò wọlé sí i. Mo ní, "Táófíìkì, wá nǹkan míì fi bò ó."

Ó ní, "Bọ̀dá, kò sí mọ́. Gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì tó kù ti wà lára rẹ̀."

"Àwọn tó wà lókè ògiri yẹn ńkọ́?"

"Tí a bá yọ ìyẹn, atẹ́gùn á wọlé."

"Atẹ́gùn ibo? Ṣé ìta ló kọjú sí ni? Pálọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Yọ wọ́n, kí o fi bo ìyàwó rẹ. Ara ògiri kì í mọ òtútù."

Táófíìkì gun àga, ó fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ rọ́ọ̀gì ìdí ilẹ̀kùn náà, ó fi tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A bò ó, a tún ti ilẹ̀kùn, a jókòó ti iná. N kò ní purọ́ fún yín, n kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo kàn fẹ́ kí aṣọ wà lára rẹ̀ ni.

Mo kí Àyìlá. Mo fi igi kún iná. Mo jókòó, mo ń fi kéwú mi bẹ Ọlọ́run. Àlááṣárì ti sún mọ́lé nígbà tí Sìkírátù pè mí láti inú yàrá.

"Bọ̀dá mi."

"Ìyàwó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín kó rọra máa fi igi síná. Mo ti ń làágùn."

Táófíìkì fò dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ká gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gèlè ti kúrò lórí rẹ̀, imú rẹ̀ ń dán. Ooru pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ìkòkò.

Mo ní kí Sìkírátù fún mi ní tùràrí díẹ̀ nínú èyí tó gbé wá láti ilé, kí n fi mọ ibi tí ooru náà ń gbà wọlé. Mo sun ún lẹ́bàá ààrò, mo ń wo èéfín rẹ̀. Èéfín náà gòkè lọ sí àjà, ó rìn lábẹ́ àjà bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé, ó gba ihò mi wọ yàrá lọ. Mo gbé tùràrí náà sílẹ̀ nínú yàrá, nítòsí ìdí ilẹ̀kùn. Èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde padà sí ìdí iná. Ooru ń gba òkè wọlé, òtútù ń gba ìsàlẹ̀ jáde, ilẹ̀kùn sì wà ní títì, kò sẹ́ni tó ń rí ìyàwó. Ohun tó ń lé ooru jáde ní Ìgàndò ló ń fa ooru wọlé lọ́hùn-ún. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi náà ni mo yà lẹ́nu.

Bàbá Gọ́dọ́nì gbé igi dé ní àsìkò yẹn. Ó dúró, ó wo èéfín náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan etí pákó mi. Ó béèrè lọ́wọ́ Táófíìkì pé ilé ìwé wo ni mo ti kọ́ ọ.

Táófíìkì ní, "Ìkọ̀tún ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń pe orúkọ ilé ìwé gíga.

Ìyàwó Bàbá Gọ́dọ́nì, làkúrègbé ń dà á láàmú, ààrò tiwọn náà wà ní pálọ̀, yàrá rẹ̀ sì ti tutù jù fún un. Bàbá náà gba ayùn mi lọ́wọ́ mi, ó ní òun ń bọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a gbọ́ tí ayùn ń ké ní ilé kejì. Nígbà tó gbé e padà wá, èérún pákó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn mí, ó na ìka mẹ́rin. Mo mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Ó wá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo sáré gbé òun náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni àgbà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àlejò dé

Iná kò dé fún ọjọ́ mẹ́ta, Sìkírátù sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé iná lọ. Ọkọ̀ tó ń la ọ̀nà wá dé, ìlú ṣí. N kò padà wálé kíákíá. Mo dúró kí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ dé, ó dé, ó rọrùn. Ọmọbìnrin ni, ó kéré, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ kò kéré. Ìgbà yẹn ni a tó lè sọ ọ́ síta pé yàrá ọmọ ni.

Òtútù ṣì wà níta lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé. A dáná sí ààrò kí wọ́n tó dé. Sìkírátù tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá náà, ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láti mọ̀ bóyá ó tutù. Kò tutù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún dì í mú. Gbogbo ọjọ́ náà, ó ń dì í mú. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọmọ náà hú ikọ́ kan lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ìgbà tí wọ́n pè wá ní kóòtù. Omi ọyàn ló gba ọ̀nà òdì. Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ṣàkíyèsí pé ó gbé ọmọ sílẹ̀, ó lọ fọ abọ́, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì ń kọrin. Mo fi ojú pe Táófíìkì kí ó gbọ́.

Nígbà tí mo ń múra àtibọ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi dé Ìwó. Ẹ sọ fún ìyá mi pé n kò bọ̀ mọ́. Àwọn ni kí wọ́n máa bọ̀ wá wo ọmọ wọn. Yàrá wà."

Mo jíṣẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ jó yí mi ká lẹ́ẹ̀mẹta nínú àgbàlá wọn.

Ohun kan ló kù. Lọ́jọ́ tí mò ń kúrò, yìnyín ti yọ́, ewé tuntun ti yọ lórí igi. Táófíìkì dúró ní pálọ̀, pákó tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wọn gígùn ògiri náà. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó bá wá kí wa, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni ihò yẹn, wọ́n ní ṣé káfíńtà sá lọ ni. Kí n wá dí i báyìí, àbí?" Kí n tó fèsì, Sìkírátù ti gbé ọmọ jáde, ó gba pákó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń wo àwa méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Sìkírátù, kí ni ẹ̀ bá sọ fún Táófíìkì nípa ihò náà?